Ẹ̀rọ Bàbá Yín ti Gbádùn Jù

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgékoríko àtijọ́ tí bàbá yín fẹ́ràn dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n fọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ epo, wọ́n ní ojú tí mo fi ń wò ó ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àṣé kọ̀ńdẹ́ńsà ló kú, ohun kékeré bí àtàǹpàkò tó ń ran iná púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́. Wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n fa okùn, ẹ̀rọ bú ramúramù. Wọ́n gé koríko wa, wọ́n gé ti aládùúgbò, wọ́n fi òdòdó mi ṣe èènì.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá yà sí ilé ìdáná mi. Wọ́n ń kọ́ mi bí a ṣe ń se ìrẹsì, èmi tí mo fi ìrẹsì tọ́ ọ dàgbà!

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí: ẹ̀rọ tuntun tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn, dákun, má fi ránṣẹ́. Tuntun kò ní dẹnu kọlẹ̀, wọn kò sì ní rí nǹkan tún ṣe tí wọn yóò fi kúrò ní ìdí ààrò mi. Bí o bá rí kọ̀ńdẹ́ńsà tó ti kú lọ́dọ̀ yín, òun ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń dè é. Èmi fúnra mi ni n ó fi sí i.

Èmi ìyá rẹ.