Bàtà Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Alfred,

Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Bàbá le, àmọ́ àgbàdo wa ti gbẹ.

Bàtà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ò gba ẹsẹ̀ Màmá. Ọwọ́ àtẹsẹ̀ wọn ń tóbi sí i. Dókítà ní nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń tú omi ìdàgbà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ á ní kó tú u, á tún ní ó tó. Kókó ti hù lára ti Màmá, kò gbọ́ “ó tó” mọ́. Iṣẹ́ abẹ di oṣù tó ń bọ̀.

Kì í ṣe ìbínú ni Màmá ò fi jẹ́ kẹ́ ẹ rí wọn lórí fóònù. Àìsàn yìí ti yí ojú wọn padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ti ẹnu ọ̀nà pe “Màmá”, kẹ́ ẹ tó wò wọ́n.

Àbúrò yín,
Dinah, Ayétòrò.