Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Fi Nọ́ọ̀sì Yàrá Imú Sílẹ̀ fún Wa

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Ojúlé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé Ìwòsàn Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ YÀRÁ ETÍ ÀTI IMÚ TÍ Ẹ FẸ́ TÌ

1. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó ṣàròyé, nítorí òṣìṣẹ́ yín ló gbà mí. Mo rí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé ẹ ó ti yàrá náà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó sì gbé nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to fáìlì.

2. Odidi ọdún méjì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì fi ń ro mí bí ẹni pé wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn. Mo ní eyín ni. Wọ́n yọ ọ̀kan, ìrora ò lọ. Wọ́n yọ èkejì. Eyín méjèèjì jìyà láìṣẹ̀ láìrò. Imú mi dí pátápátá. Lọ́jọ́ kan, pákó gbiná lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ló gbóòórùn èéfín láti ìta tó fi ké.

3. Nọ́ọ̀sì yín, tí a ń pè ní Ìyá Onímú, ní kí n tẹrí ba. Ìrora náà le sí i. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí eyín sinmi. Kì í ṣe òun." Ó ya ojú ènìyàn sẹ́yìn káàdì mi. Ó ní ihò wà nínú egungun iwájú orí àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn. Ikun tó ń sun níbẹ̀ ló ń gbá ìdọ̀tí gba ojú ọ̀nà tóóró jáde sínú imú. Bí ọ̀fìnkìn, eruku tàbí ẹran tó hù nínú imú bá dí ọ̀nà náà, ikun á há, á sì bà jẹ́. Gbòǹgbò eyín òkè kò jìnnà síbẹ̀, ni mo ṣe ń fẹ̀sùn kan eyín. Tèmi, lẹ́búlẹ́bú igi ló fà á.

4. Dókítà fún mi lóògùn. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi iyọ̀ tí a sè, tó sì ti tutù, fọ imú, ó ní kí n máa fi aṣọ bo imú nídìí ayùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo gbé ọmọ-ọmọ mi, mo sì gbóòórùn orí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti pé ọmọ oṣù mẹ́jọ. Mo sunkún, àwọn ará ilé rò pé imú ló tún dé.

5. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, àwa mọ́kànlá la wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ìyá kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń yọ eyín. Mo ní kó jókòó de Ìyá Onímú ná. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un lóṣù tó ń bọ̀?

6. Ìwé yín ní torí pé òrùlé yàrá náà ń jò ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó ti dí ibi tó ń jò, yàrá yóò sì gbẹ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọpẹ́,

Baba Onípákó,
Káfíńtà.