Ebi Ló Sọ Wọ́n Di Iṣan

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ọ̀gá Àgbà ti là á mọ́lẹ̀: bí iṣan tí àbúrò mi ń tọ́ nínú àwo ní ilé ìwádìí wa kò bá mira kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àpótí tó ń mú wọn móoru yóò di ti ẹlòmíì. Èmi alábòójútó ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìkìlọ̀ náà. Ìgbín — bí mo ṣe ń pe àbúrò mi láti kékeré nìyẹn, ìwẹ̀ òwúrọ̀ rẹ̀ á di ọ̀sán — kàn ní, ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Sẹ́ẹ̀lì awọ eku lásán ni. Ó ti ki jíìnì kan bọ inú wọn, jíìnì tó máa ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì inú ọlẹ̀ eku: ìwọ, di iṣan. Mo ní, àṣẹ ti dé, kí ni wọ́n ń dúró dè? Ó ní bí oúnjẹ bá ṣì pọ̀, ìbísí nìkan ni wọ́n mọ̀. Bó bá dín kù ni wọ́n á jáwọ́, wọ́n á tò, wọ́n á so pọ̀ di fọ́nrán kan. Ó ti gé oúnjẹ wọn.

Gé oúnjẹ! Níléèwé ìṣòwò, bí iṣẹ́ bá ń fà, a máa ń fi kún owó rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Òfo. Kò sí èyí tó mira.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo yọjú wo inú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Àwọn kan ti kú, wọ́n léfòó. Mo gbé igo oúnjẹ jáde — díẹ̀ péré, kí wọ́n má kú tán. Ìgbín wọlé bá mi. Kò pariwo. Ó gbọ́wọ́ lé tèmi: "Àǹtí mi, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá bọ́ wọn, ìbísí ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀."

Mo dá a padà. Mo ń kùn délé. Látìgbà tí Màmá ti lọ, kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe fún ọmọ yìí bí kò ṣe kí n bọ́ ọ?

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n ti tò. Gbọọrọ gbọọrọ. Ó lẹ́wà, n kò ní sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ọ̀gá Àgbà tẹjú mọ́ awò. Ó wá ní, "Ó ń mira." Mo sáré wò ó: fọ́nrán kan súnkì, ó dẹ̀, ó tún súnkì. Awọ eku àná! Mo fa ìwé mi ya. Àpótí ṣì jẹ́ ti Ìgbín.

Lọ́sàn-án, abọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, dípò méjì tí mo máa ń gbé, tèmi àti tirẹ̀ — mo ti kọ́gbọ́n. Ìgbín wọ ọ́fíìsì mi, ó wò yíká. "Àǹtí mi, tèmi dà?"

Mo ní ṣebí ebi ló ń sọni di nǹkan.

"Sẹ́ẹ̀lì ni mo febi pa. Ta ló ní kí ẹ febi pa èmi?"

Kí n tó dáhùn, ó ti gba ṣíbí. Ìgbín! Ó yára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí.