Apron Márùn-ún Tó Gba A

Ẹ̀yin èèyàn inú pèéjì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Mo ti purọ́ mọ́ tíṣà ọmọ mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Aránṣọ ni mí ní Ìkòsí. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS 2 ní private school kan ládùúgbò wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ session yìí ni wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń fún àwọn ọmọ ní máàkì padà. Kò sí first, kò sí last mọ́, exam ò ju ogójì lọ, project tí ọmọ bá ṣe nílé ló ni ọgọ́ta tó kù. Wọ́n ní káwọn ọmọ má kàn máa há ìwé sórí... Èmi ò gbà á gbọ́ rárá. Mo ní ta ló máa mọ ẹni tó ṣe é nílé? Ẹ gbọ́ ẹnu mi o.

Term tó kọjá, project Home Economics ni apron, kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ rán an. Ìyá ọmọ kan ní kíláàsì wọn, láti Magodo, wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun rán an, kẹ́nikẹ́ni má gbọ́. Ọjọ́ kejì, òmíràn dé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí wọ́n ti di márùn-ún, kálukú rò pé òun nìkan ló gbọ́n. Customer mi ni wọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀? Mo mọ̀ọ́mọ̀ rán an wọ́, kó lè jọ iṣẹ́ ọmọdé. Ọmọ tèmi ńkọ́? Àyè ò sí. Orí bẹ́ẹ̀dì nílé ló ti ń fi abẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀ lọ́wọ́, tó ń rán an, tó ń tú u.

Report card dé, C ló gbà. Ọmọ aránṣọ! Àwọn márùn-ún yẹn gba A. Mo bá fura... torí mo mọ bí mo ṣe ba àwọn apron yẹn jẹ́ tó. Báwo ni ìránkúràn yẹn ṣe máa gba A bí owó ò bá wọ̀ ọ́? Níbo ni tíṣà kékeré yìí ti rí fóònù tuntun? Kí ló dé tí kì í wò mí lójú? Mo lọ bá proprietress, mo ní Aunty yìí ń ta máàkì.

Wọ́n pe àwa òbí àti tíṣà, wọ́n to apron sórí tábìlì. Àṣé wíwọ́ tèmi ṣì tọ́ ju èyí tó tọ́ jù lọ lára ti ọmọ mi. Tíṣà mú ìwé ẹ̀ jáde, ó ń ṣàlàyé máàkì kọ̀ọ̀kan. Ó wo tape tí mo fi ń wọn aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Ṣé ó ti mọ̀ ni? Mo yọ ọ́ lọ́rùn, mo kì í bọ báàgì. Wọ́n ní kí tíṣà lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi ṣèwádìí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo délé, mo sọ fún ọmọ mi pé mo ti bá a gbèjà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, ọjọ́ tá a kó àwọn apron sílẹ̀ ní kíláàsì ni mo ti dá ọwọ́ yín mọ̀. Mo fara mọ́ C yẹn kẹ́ ẹ má bàa wọ wàhálà. Aunty ò ṣe nǹkan kan." Ojú tì mí débi tí mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìpàdé ìwádìí náà. Tí mo bá jẹ́wọ́, àwọn ọmọ márùn-ún máa pàdánù máàkì, ìyá wọn ò ní dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, wọ́n tiẹ̀ lè lé ọmọ mi. Tí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Wọ́n ti ní kí n mú ọmọ mi dání wá. Ẹ bá mi dá sí i, kí ni kí n sọ níṣojú ẹ̀?