Kámẹ́rà Kejì Tó Wà ní Yàrá Ẹrù Yín Kì Í Ṣe Ọjà

Ilé Alágbàlá Gbọọrọ,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Eléyín,
Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àwọn Aṣọ́bodè,
Ẹnubodè Ojú Irin Àtijọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ FÚN KÁMẸ́RÀ MI TÍ ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ YÍN GBÀ LỌ́WỌ́ MI, TÍ WỌ́N SÌ FẸ́ LÙ NÍ GBÀǸJO

1. Mo kí yín. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ọmọ mi ní kí òun bá mi fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè jọ ìwé ọ́fíìsì, mo ní rárá. N kò kàwé lọ títí. Wọ́n yọ mí kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí a tó dé ibi ìsọdipúpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ní í sọ, mo mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yín ní ẹ kì í ka ìwé tí kò bá ní nọ́ńbà. Mo ti fi nọ́ńbà sí i.

2. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ọmọ tuntun. Àwọn tó ń ṣe ìyẹn pọ̀ ládùúgbò wa, mo sì ti fi í sílẹ̀ fún wọn. Fọ́tò ìrìn-àjò ni tèmi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹni tí àìsàn dá dúró, ẹni tó ti dàgbà kọjá kí ó máa wọ ọkọ̀, wọ́n á rán mi lọ síbi tí ọkàn wọn ń fà sí: odò tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, ilé tí wọ́n bí wọn sí, ìdí igi kan báyìí. N ó lọ, n ó yà á, n ó fọ̀ ọ́ sórí pépà ńlá, n ó sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ nìyẹn. N kì í fi í ṣeré.

3. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Láti ìgbà náà, orí ibùsùn ló wà, nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Òun ló gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá wa kú. Bàbá wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún irin àti pákó abẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń ṣí wa láti ìdíkọ̀ kan sí òmíràn ní òdìkejì ẹnubodè yín. Ilé tí a gbé kẹ́yìn níbẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń dáná fún èmi àti bàbá wa, ṣì wà lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń hú irin náà, wọ́n sì ń wó àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí tiwa. Bí òjò bá ti dá, wọ́n á wó o. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó sì ní kí n lọ ya ilé náà wá fún òun kí òun tó kú. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò bù mọ́ ọn.

4. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni arúgbó kan fẹ́ fi kámẹ́rà méjì ṣe. Kámẹ́rà tí mo ń lò ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà kan tí mo lọ ya odò fún bàbá aláìsàn kan, kámẹ́rà náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ létí omi, mo sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Kí n tó rí i tún ṣe kí n tó padà lọ, bàbá náà ti lọ. Mo ṣì ń rí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe wò mí. Ẹni tó ń bá mi tún kámẹ́rà ṣe sọ fún mi pé abala inú rẹ̀ tó máa ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó sì máa ń pa dé, ti jẹ. Òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n òun kò lè búra fún un. Ó ní àwọn lẹ́ńsì mi ṣì dára, kí n má wulẹ̀ dà wọ́n nù. Kí n ra bọ́dì kejì irú rẹ̀ gan-an, kí n máa gbé e dání bí mo bá ń rìnrìn-àjò, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣàárẹ̀, èkejì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́dì ni kámẹ́rà fúnra rẹ̀, láìsí lẹ́ńsì lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á. Mo rà á. N kò ra aṣọ lọ́dún yẹn.

5. Nígbà tí a dé ẹnubodè yín, èmi àti ìyàwó ọmọ mi tó ń ránṣọ, ẹni tó bá mi lọ nítorí pé àpò mi wúwo, òṣìṣẹ́ yín kan tó ní irùngbọ̀n tú àpò mi. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kò rí mi fín. Ó rí kámẹ́rà kan tó ní lẹ́ńsì, ó rí èkejì tí mo fi ìdérí bo ẹnu rẹ̀. Ó ní òfin gba arìnrìn-àjò láyè láti mú kámẹ́rà kan dání fún ìlò ara rẹ̀, ohun tó bá kọjá ìyẹn, ọjà ni. Ó ní èyí tí kò ní lẹ́ńsì kò lè ya nǹkan kan, nítorí náà òun ni mo fẹ́ lọ tà. Mo yọ lẹ́ńsì kúrò lára ti àkọ́kọ́, mo fi í sára èkejì, mo sì fi ya òun fúnra rẹ̀, mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín sí irùngbọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ti àkọ́kọ́ ni kò wá ní lẹ́ńsì báyìí, òun wá ni ọjà. Mo yọ lẹ́ńsì gígùn tó wà nínú àpò mi, mo fi í sára ìyẹn náà, kí méjèèjì lè pé. Ó ní ó ti wá burú sí i nìyẹn, pé odindi kámẹ́rà méjì ni mo ní báyìí. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan bèèrè bóyá kíláàsì ni a dá sílẹ̀ níbẹ̀.

6. Mo nawọ́ sí mọ́tò iṣẹ́ yín tó wà níta, mo bi í pé ṣé títà ni wọ́n fẹ́ ta táyà tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀ nítorí ooru. Obìnrin náà ní táyà kì í ṣe kámẹ́rà. Mo gbà fún un. Òótọ́ ni.

7. Kí ẹ má baà gbọ́ èyí lẹ́nu ẹlòmíràn, n ó sọ ọ́ fúnra mi. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa, onírùngbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi létí, ó ní: "Màmá, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín yìí gbé ọ̀kan kọ́rùn, kí ẹ máa lọ." Èrò rere ló fi sọ ọ́. Ìyàwó ọmọ mi ti na ọrùn. Mo ní rárá. Èmi ni mo ra méjèèjì, èmi ni mo ni ín. Bí wọ́n bá bi í léèrè níwájú pé ta ló ni kámẹ́rà ọrùn rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ? N kò fi irọ́ kọjá ẹnubodè rí, n kò sì ní fi ọjọ́ ogbó bẹ̀rẹ̀. Onírùngbọ̀n wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sáàárín títì. Ìyàwó ọmọ mi gbé àpò, ó sì ṣáájú mi títí a fi dé ibi tí a sùn sí, n kò sì dá a lẹ́bi. Ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé bó bá jẹ́ oníṣòwò ni mí lóòótọ́, n bá ti gba àbá yẹn tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

8. Wọ́n gba kámẹ́rà kejì, wọ́n ní kí n wá gbà á bí mo bá ń bọ̀. Mo gbé ti àtijọ́ lọ. Mo ya àwọn ìdíkọ̀ tó ṣáájú, wọ́n sì jáde dáadáa. Nígbà tí a dé ti ìkẹyìn, afárá tó wọ ibẹ̀ ti já sómi, odò kún, kò sí ọkọ̀ ojú omi. Ilé wa wà lókè ọ̀hún, àmì pupa wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní lẹ́ńsì gígùn, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Mo fi í sí i, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti igi kan kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín fọ́ èkùrọ́, kò sì ṣí mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Mo pa á, mo tan án, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà. Lẹ́ńsì tó dára wà lọ́wọ́ mi, ilé wà níwájú mi, oòrùn dára, kò sì sí kámẹ́rà tí n ó fi lẹ́ńsì náà sí. Ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ìyàwó ọmọ mi yọ fóònù rẹ̀, ó yà á. Ilé náà rí nínú rẹ̀ bí ìdun lára ògiri.

9. Nígbà tí a padà dé ẹnubodè, wọ́n ti gbé onírùngbọ̀n lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù ní ohun tí wọ́n kọ sára kámẹ́rà mi ni pé ẹ̀yà ẹ̀rọ ni, fún títà, àti pé wọn á lù ú ní gbàǹjo pẹ̀lú àwọn ẹrù yòókù. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá lọ́jọ́ gbàǹjo, kí èmi náà dá owó lé e. Kí n dúró láàárín èrò, kí n máa dúnàádúrà lórí ohun tí mo ti rà. N kò bá a jà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì yín, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí n ó kọ sínú ìwé yìí.

10. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ọ́fíìsì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jiyàn lórí fèrèsé ilé ìdáná ilé yẹn láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Òun ní ojú irin ni fèrèsé náà kọjú sí, pé ibẹ̀ ni òun máa ń dúró sí wo bàbá wa bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Èmi ní odò ló kọjú sí, nítorí pé mo rántí ariwo omi. Fọ́tò yìí ni ì bá parí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí òwúrọ̀ tí kì í pè mí láti yàrá rẹ̀ pé fọ́tò dà. Mo sọ fún un pé kámẹ́rà kú, èkejì sì wà lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Kò gbà. Ó ní: "O ti rí i pé èmi ni mo jàre, ìdí nìyẹn tí o kò fi yà á." Ó wá kọjú sógiri. Oúnjẹ tí mo bá gbé lọ, ó ń fi ọwọ́ tì í.

11. Ọmọ mi ní kí n kúkú sọ fún un pé òun ló jàre, kí ara tù ú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò rí fèrèsé náà. Igi kan bo ibẹ̀, ojú mi kò sì tó o mọ́. Ohun dúdú kan ni mo rí. N kò lè sọ ohun tí n kò rí fún un. Kì í ṣe òun ni n ó parọ́ fún.

12. Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ kámẹ́rà mi kúrò nínú ẹrù gbàǹjo. Àwòrán irùngbọ̀n òṣìṣẹ́ yín ṣì wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ àti pé tèmi ni. Kí ẹ sì jẹ́ kí n gbé méjèèjì kọjá lórúkọ ara mi, nítorí pé wọ́n ti tún ti àtijọ́ lẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n n kò ní gbé òun nìkan lọ sí etí odò yẹn mọ́. Òjò kò ní pẹ́ dá. N kì í bẹ ènìyàn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Mo ń bẹ̀ yín.

13. Bí òfin kò bá wá gbà á, mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù. Kí ẹ yan ẹnì kan nínú yín, ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, kí ó bá mi dé yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Àga wà níbẹ̀. Kí ó sọ fún un fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ yín ni kámẹ́rà wà lọ́jọ́ tí mo dúró létí odò. Èmi ti sọ ọ́ títí, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé fún ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni, tí mo ń fojú sọ́nà fún èsì yín,

Ìyá Onífọ́tò,
Ayafọ́tò Ìrìn-Àjò.