Irorẹ́ Mẹ́ta Péré

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́, ojú ń tì mí.

Ilé ayàwòrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń fi kọ̀ǹpútà nu irorẹ́ kúrò lójú àwọn oníbàárà kí a tó tẹ fọ́tò wọn jáde. Èmi náà wá ní mẹ́ta péré lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n po oyin mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, kí n fi pa ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Iṣẹ́ mi ló kó bá mi. Lórí kọ̀ǹpútà, bí àpá kò bá lọ, ńṣe ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi lọ. Bí mo ṣe ṣe ojú mi náà nìyẹn. Mo ń pa á láàárọ̀, mo ń pa á lálẹ́, mo dín oyin kù, mo fi kún ọsàn, oòrùn sì ń pa mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi iṣẹ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti bó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Kọ̀ǹpútà ní ibi tí a ń tẹ̀ tí nǹkan fi ń padà sí bó ṣe wà. Ojú mi kò ní.

Lánàá, bàbá àgbàlagbà kan wá gba fọ́tò wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọmọbìnrin arẹwà tó máa ń jókòó síbí ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, sà."

Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i.

Olóòtú wa, ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ó ṣì lè padà wá?