Apá Súẹ́tà Kan Tó Kù Kí Wọ́n Tó Sin Mí

Èmi, Fúnláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Akínọ̀ṣọ́, opó Clement Akínọ̀ṣọ́ káfíńtà, tí mo ń gbé nínú ilé ara mi ní Ajah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń ríran. Ìka ọwọ́ mi nìkan ló ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́ kọ èyí kí wọ́n tó kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, ní èdè tí mo gbọ́. Lọ́yà tí Ọláyọdé ọmọ mi mú wá fẹ́ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kó lọ kọ tirẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí. Kí ẹni tó ń kà á má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

1. Ilé mi ni mo fi sílẹ̀ fún Ọláyọdé àti Tolúwani, ọmọ méjèèjì tí mo bí, kí wọ́n pín in lọ́gbọọgba. Ilé náà kò tóbi tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, wọ́n gé iwájú rẹ̀ kúrò, Clement sì fi pákó kan fàráńdà tuntun síbẹ̀ pẹ̀lú àyà tó ń dùn ún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú. Èmi àti ọ̀nà yẹn kò ṣọ̀rẹ́ di òní.

2. Fàráńdà kò sí nínú ohun tí mo pín lókè yìí. Àwọn obìnrin tí a jọ ń hun aṣọ òwú ni mo fi í sílẹ̀ fún, níwọ̀n ìgbà tí obìnrin méjì bá ṣì ń wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọláyọdé fẹ́ fi í háyà fún àwọn olótí. Ó ní ta ni í wọ súẹ́tà nínú ooru Ajah. Mo ti dá a lóhùn, n óò tún un kọ síbí kó lè máa rí i kà: àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí oṣù wọn kò pé ló ń wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì Ṣèyílọ́lá, tó ń ti Thomas Estate wá bá wa hun, ló ń kó fìlà àti ibọ̀sẹ̀ náà lọ fún wọn nílé ìwòsàn. Ọmọ tí kò tóbi tó adìyẹ kò mọ̀ pé ooru ń mú lóde.

Yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ, ó dùn mọ́ wa. Ìyẹn náà tó ìdí. Mo ti ru yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé fún àwọn olówó ní Lakowe, mo ti fọṣọ fún ẹni tí kò kí mi. Híhun nìkan ni iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi tí ẹnikẹ́ni kò rán mi.

3. Kọ́kọ́rọ́ fàráńdà náà, Àlàájà Sìdíkàt tó ń gbé ilé kejì ni kí wọ́n fún. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé èmi àti Sìdíkàt kì í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú, Ọláyọdé sì ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti kékeré.

Kí àwọn tí kò mọ ohun tó fa ìjà wa má bàa máa fi irọ́ kún un, mo kọ ọ́ síbí. Nígbà tí a ń sọ àkọ́bí Ọláyọdé lórúkọ, mo hun súẹ́tà funfun fún un. Ọwọ́ mi máa ń fún tí mo bá ń hun nǹkan. Omi lásán kò lè gba inú iṣẹ́ mi kọjá. Ti Sìdíkàt máa ń dẹ̀ bí àwọ̀n. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ọwọ́ ọmọ kò kọjá. Sìdíkàt gbà á lọ́wọ́ ìyá ọmọ, ó jókòó sáàárín àwọn àna mi, ó tú apá méjèèjì tí mo hun, ó sì ń tún un hun. Ó ní, Ìyá Ọláyọdé, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ni, àbí ìgò? Àwọn àna mi rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó palẹ̀ oúnjẹ mọ́, ó ti parí apá kan.

Ọmọ náà ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Sìdíkàt kò pa Ọjọ́bọ̀ jẹ láti ìgbà náà, èmi náà kò sì lé e. Bí ó bá fẹ́ gé òwú, á ní, Nọ́ọ̀sì, bá mi gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ìyá yẹn. Èmi á ní, Sọ fún un pé orí itan mi ló wà, kò tíì sá lọ. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀. Nígbà tí àìsàn dá mi wólẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan gbé ọbẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní kí wọ́n má sọ pé òun ni. Mo mọ ọbẹ̀ rẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

N kò sọ pé mo jẹ̀bi. Súẹ́tà tó bá fún ló ń pẹ́.

4. Abẹ́rẹ́ ìhun méjì tí Clement fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe fún mi, tó pọ́n lórí òkúta títí ẹnu wọn fi ń dán, Tolúwani ni mo fi wọ́n sílẹ̀ fún. Kẹ̀kẹ́ yẹn ń mì lẹ́sẹ̀ títí ó fi tà á, kò sì ráhùn. Ọkùnrin tó máa tú kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ nítorí pé ìyàwó rẹ̀ fẹ́ jókòó hun nǹkan, ẹ wá irú rẹ̀ fún mi ní gbogbo Lẹ́kí òní. Tolúwani kò mọ̀ ọ́n hun. Kó ṣáà fi wọ́n pamọ́. Ó lè rẹ òun náà lọ́jọ́ kan, kó fẹ́ jókòó.

5. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi jẹ́ ti Ọláyọdé. Kó kó wọn lọ sí ẹ́sítéètì rẹ̀. Bí àwọn onígéètì bá kọ̀, kó fi irú ẹnu tó fi ń bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ fàráńdà bá wọn sọ̀rọ̀.

6. Gbèsè kan ṣoṣo ni mo jẹ: òwú aláwọ̀ ewé tí mo yá lọ́wọ́ Ṣèyílọ́lá. Kò ní rí i gbà padà, inú ilẹ̀ ló ń lọ, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kó mú èyí tó bá wù ú nínú àpò òwú mi, kí ìyókù jẹ́ ti àwa obìnrin Ọjọ́bọ̀.

7. Tolúwani àti Ṣèyílọ́lá ni mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ. Ẹ̀yin méjèèjì, ibí ni kí ẹ ti farabalẹ̀ kà.

Súẹ́tà aláwọ̀ ewé tí mo hun fún ara mi ni kí ẹ wọ̀ fún mi lọ sí ibojì. Mo ti parí iwájú, ẹ̀yìn àti apá ọ̀tún. Apá òsì ló kù. Ìka mi ti wú, wọn kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ẹ gbé e lọ fún Sìdíkàt bó ṣe wà, pẹ̀lú òwú tó kù, kó hun apá òsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin mí kí apá náà tó parí. Mùsùlùmí ni, yóò ní kí wọ́n tètè gbé òkú wọlẹ̀. Ẹ sọ fún un pé onígbàgbọ́ ni mí, mo lè dúró. Ṣùgbọ́n mọ́ṣúárì tutù, n kò sì ní súẹ́tà lọ́rùn níbẹ̀, nítorí náà kó má fi iṣẹ́ náà falẹ̀.

Bí ó bá kọ̀, ẹ wọ̀ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ òsì mi wà níhòòhò, kí gbogbo Ajah rí ohun tí kò ṣe.

Kò gbọdọ̀ tú èyí tí mo ti hun. Mo mọ̀ pé yóò wù ú. Mo ti wọ apá ọ̀tún yẹn wò, ó fún mi, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kó má ṣe fún ọwọ́ nítorí kí tirẹ̀ lè bá tèmi mu. Kó hun ún bó ṣe máa ń hun nǹkan. Bí àwọn tó wá wò mí nínú pósí bá ní apá kan tóbi ju èkejì lọ, kó jókòó sáàárín wọn, kó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín tí ó bá wù wọ́n.

Apá ọ̀tún yóò di mí mú bí mo ṣe di ara mi mú láti ọjọ́ yìí. Kí apá òsì dẹ̀ fún mi.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ní Ajah, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

F. À. Akínọ̀ṣọ́

Lọ́yà ní ẹni tí mo bá fi nǹkan sílẹ̀ fún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Mo wá ẹni méjì tí kò ní rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹlẹ́rìí: Kàmọ́rù Ògúnkúnlé, fọkanáísà
Ẹlẹ́rìí: Ọláṣùmbọ̀ Gàníyù, aránṣọ